Iye Tí Orí Ọba Tó: Ìgbèkùn àti Ìràpadà James Kìíní, Ọba Skọ́tílándì, 1406–1424

Ìfáárà

Nínú ìtàn ogun, èrò tó wọ́pọ̀ ni pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ ọba ọ̀tá ti ṣẹ́gun tán. Ní Yúróòpù láàárín ọdún 1300 sí 1500, ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Wọn kì í sábà pa ọba tí wọ́n bá mú lójú ogun, wọn kì í sì í sọ ọ́ di ẹrú. Inú ilé olódi ni wọ́n máa ń fi í sí, pẹ̀lú aṣọ tó bá ipò rẹ̀ mu, pẹ̀lú ìránṣẹ́ àti ẹṣin, títí àwọn ará ilé rẹ̀ yóò fi san owó ìràpadà tó jọjú. Ọjà ni, ọjà náà sì ní òfin tirẹ̀.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí dojú kọ ni pé, ta ló ń dá iye lé orí ọba tó wà nígbèkùn? Ìdáhùn tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni pé ẹni tó mú un ni. Ṣùgbọ́n ìtàn James Kìíní, ọba Skọ́tílándì, tí ó lo ọdún 18 lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé ọwọ́ àwọn tó jókòó sílé ni iye náà wà, pàápàá jù lọ adelé tó ń ṣọ́ ìtẹ́ dè é. Bí àwọn ará ilé kò bá fẹ́ kí ọba padà, ọjà kò lè tà fún ẹni tó mú un, bó ti wù kí àhámọ́ rẹ̀ nípọn tó.

Ọba Méjì Tó Ṣáájú

James kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 1346, àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú David Kejì, ọba Skọ́tílándì, lójú ogun Neville's Cross nítòsí ìlú Durham. Edward Kẹta, ọba Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe àjèjì sí i rárá. Joan, àbúrò Edward, ni ìyàwó David. Ọdún 1328, nígbà tí David wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀ kí àlàáfíà lè wà láàárín ilẹ̀ méjèèjì. Àna ṣíṣe kò dí ogun lọ́wọ́, kò sì dí ìgbèkùn lọ́wọ́. Ohun tí Edward ń fẹ́ ju owó lọ ni pé, bí David kò bá bímọ, kí ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì kan jogún ìtẹ́ Skọ́tílándì. Àwọn ìjòyè Skọ́tílándì kọ̀ ní 1352. Ọdún 1357 ni wọ́n tó fẹnu kò sí 100,000 máàkì, èyí tí wọn yóò san fún ọdún mẹ́wàá, pẹ̀lú ènìyàn 23 tí wọ́n fi ṣe ìdógò. (Máàkì kì í ṣe owó tí wọ́n ń fọwọ́ kà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; òṣùwọ̀n ìṣírò ni, ìdá méjì nínú mẹ́ta pọ́n-ùn kan.) Ní gbogbo ọdún 11 tí David fi wà nígbèkùn, Robert Stewart, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló ń ṣe adelé. Òun náà sì ni ìtẹ́ kàn bí David bá kú láìbímọ. Ó ṣòro láti gbà pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò máa sáré kiri nítorí ìràpadà. Nígbà tí David kú ní 1371 láìní ọmọ, Robert yìí náà ló jọba, tí wọ́n ń pè ní Robert Kejì. Òun ni bàbá bàbá James.

Ti ilẹ̀ Faransé tún ga ju èyí lọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1356, ọmọ Edward Kẹta mú Ọba John Kejì lójú ogun Poitiers. John wà ní London nígbà tí ìlú Paris dìde sí àrẹ̀mọ rẹ̀ ní 1358. Ní 1359 ó fọwọ́ sí àdéhùn kan tí yóò gbé owó àti ilẹ̀ rẹpẹtẹ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn aṣojú ìlú tí àrẹ̀mọ pè jọ ní Paris gbọ́ ọ, wọ́n sì kọ̀ ọ́ pátápátá. Ọba fọwọ́ sí i, ìlú kò fọwọ́ sí i, àdéhùn náà sì di òfo. Ohun tí èyí túmọ̀ sí kò fara sin: ọwọ́ ọba tó wà nígbèkùn kò tó ìṣúra ilé rẹ̀ mọ́.

Ọdún kejì, ní Brétigny, wọ́n wá fẹnu kò sí mílíọ̀nù mẹ́ta écu. Kí owó àkọ́kọ́ lè yá, John fi ọmọbìnrin rẹ̀ Isabelle fún Gian Galeazzo Visconti, ọmọ olówó Milan, ní Ítálì. Ìdílé Visconti san 600,000 florin nítorí iyì àtifẹ́ ọmọ ọba Faransé. Ìyàwó kò ju ọmọ ọdún 12 lọ, ọkọ rẹ̀ kéré sí i. Owó góòlù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní òpin ọdún 1360 nítorí ìràpadà yìí ni wọ́n pè ní franc; orúkọ yẹn náà ló wà lára owó CFA tí àwọn Yorùbá Kétu ń ná ní orílẹ̀-èdè Benin. Síbẹ̀ owó náà kò pé. Nígbà tí Louis, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọba tí wọ́n fi ṣe ìdógò, sá kúrò ní 1363, John fúnra rẹ̀ padà sí London, ibẹ̀ ló sì kú sí ní oṣù Kẹrin ọdún 1364.

Ọmọ Ọba Lórí Òkun

Ọba Robert Kẹta, bàbá James, kì í ṣe alágbára ọba. Ẹṣin ti ta á nípàá ṣáájú kí ó tó gorí ìtẹ́, ara rẹ̀ kò sì dá ṣáṣá mọ́. Àbúrò rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Robert, ìjòyè àgbà Albany, ló ń darí ìlú ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1402, àkọ́bí ọba, David ìjòyè Rothesay, kú sí àhámọ́ Albany ní ilé olódi Falkland. Àwọn kan sọ pé ebi ni wọ́n fi pa á. Ìgbìmọ̀ ilẹ̀ náà jókòó lé ọ̀rọ̀ ọ̀hún lórí, wọ́n sì dá Albany láre. Lẹ́yìn ikú David, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù láàárín Albany àti ìtẹ́. James ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1406, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 11, wọ́n pinnu láti gbé e lọ sí Faransé. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní etí òkun ìlà-oòrùn láàárín àwọn ìjòyè, wọ́n pa David Fleming tó sìn ín débẹ̀. James àti àwọn díẹ̀ tó kù sá lọ sí Bass Rock, àpáta ńlá kan tó wà láàárín omi, wọ́n sì dúró níbẹ̀ ju oṣù kan lọ nínú òtútù, wọ́n ń wọ̀nà fún ọkọ̀. Ọkọ̀ oníṣòwò kan láti Danzig ló wá gbé wọn. Ní oṣù Kẹta, bí wọ́n ti ń kọjá níwájú Flamborough Head, àwọn ajalèlókun Gẹ̀ẹ́sì dá wọn lọ́nà, wọ́n mú ọmọ náà, wọ́n sì fà á lé Henry Kẹrin lọ́wọ́. Wọ́n ní Henry fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ pé bó bá jẹ́ pé nítorí àtikọ́ èdè Faransé ni wọ́n ṣe ń gbé ọmọ náà lọ, kí wọ́n kúkú ti mú un wá bá òun, nítorí òun náà gbọ́ Faransé dáadáa.

Kókó kan wà níbí tí yóò tún jẹ yọ lẹ́yìn ọdún 17. Àdéhùn ìdáwọ́ ogun dúró wà láàárín ilẹ̀ méjèèjì lọ́jọ́ tí wọ́n mú James. Kì í ṣe òǹdè ogun. Ọmọ tí olè jí gbé lórí omi ni, ọba tó yẹ kí ó dá a padà ló fi í pamọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin, bàbá rẹ̀ kú. James di ọba ilẹ̀ tí kò lè dé.

Adelé Tí Kò Kánjú

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Àgbà wà ní Skọ́tílándì ní 1406. Àbúrò bàbá ọmọ náà gan-an ni ìgbìmọ̀ fi ṣe adelé. Albany ti lé ní ọmọ ọdún 60 nígbà náà, ó gbọ́n, ó mọ ìlú, kò sì ní ọ̀tá púpọ̀. Kò fi ara rẹ̀ jọba. Ohun tó ṣe jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ: ọdún ìṣàkóso tirẹ̀ ló fi ń ka ọjọ́ sínú ìwé àṣẹ, kì í ṣe ọdún ọba. Adelé ni Yorùbá ń pe ẹni tó ń ṣọ́ ilé de onílé. Bí onílé bá pẹ́ jù lájò, ilé a máa bá adelé lára mu.

Láti mọ bí Albany ṣe fẹ́ràn ìràpadà tó, kí ènìyàn wo ọ̀rọ̀ Murdoch, ọmọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni Murdoch náà wà. Wọ́n mú un lójú ogun Homildon Hill ní 1402. Nítorí tirẹ̀, ìjíròrò kò dáwọ́ dúró. Ní 1416 ó gba ìtúsílẹ̀: wọ́n fi Henry Percy, ọ̀dọ́ ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì kan tó wà ní Skọ́tílándì, ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú 10,000 pọ́n-ùn. Murdoch lọ sílé. James, tó ń kọ lẹ́tà láti ìgbèkùn sí àwọn ìjòyè ilé láti 1412, kò kúrò níbi tó wà. Ẹni tó bá ní Albany gbìyànjú nítorí àwọn méjèèjì ní láti ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí, àlàyé náà kò sì lè yá.

Henry Karùn-ún, tó jọba ní 1413, rí i pé òǹdè òun kò níye lórí lọ́wọ́ Albany. Ó wá ọ̀nà mìíràn láti lò ó. Àwọn jagunjagun Skọ́tílándì ń ja ogun fún Faransé nígbà náà. Ní 1420 Henry kó James dání lọ sí ibi tí wọ́n ti dó ti ìlú Melun, níbi tí àwọn ọmọ Skọ́tílándì wà lára àwọn tó ń ṣọ́ odi. James pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n jọ̀wọ́ ara wọn, wọ́n kọ̀. Nígbà tí ìlú náà ṣubú, Henry so nǹkan bí 20 nínú wọn kọ́, ó ní wọ́n ṣọ̀tẹ̀ sí ọba wọn. Òfin ló fi bojú, ṣùgbọ́n ìwà ìkà ni. Ọba tí kò tíì dé adé rí ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pa àwọn ènìyàn rẹ̀.

Kí a má ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, kò fi gbogbo ọdún wọ̀nyí jókòó sínú òkùnkùn. Wọ́n kọ́ ọ ní ìwé, orin àti ìlò ohun ìjà, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí bí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń gba owó orí àti bó ṣe ń darí àwọn ìjòyè. Ewì gígùn kan tó dá lórí ìgbèkùn àti ìfẹ́, The Kingis Quair, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé òun ló kọ ọ́.

Ikú ló ṣí ọ̀nà. Albany kú ní 1420, Murdoch gba ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò ká ìlú, kò ká àwọn ọmọ tirẹ̀ pàápàá. Ní 1421, ní Baugé, àwọn Skọ́tílándì tó wà ní Faransé pa àbúrò Henry Karùn-ún lójú ogun. Henry fúnra rẹ̀ kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1422, ó fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Àwọn tó ń ṣàkóso fún ọmọ yìí nílò ohun tí yóò dá àwọn jagunjagun Skọ́tílándì dúró sílé. Ní Skọ́tílándì, àwọn ìjòyè bíi Archibald, ìjòyè Douglas, ti ń rò ó pé ọba yóò sàn fún àwọn ju Murdoch lọ. Láàárín oṣù díẹ̀, òǹdè tí kò níye lórí fún ọdún 16 di ẹni tí ilé àti oko ń wá.

Àdéhùn London àti Ìyàwó

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1423 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé náà ní London. James yóò san 60,000 máàkì, ìyẹn 40,000 pọ́n-ùn, ní 10,000 lọ́dún fún ọdún mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ ìràpadà kò sí nínú ìwé náà. Owó oúnjẹ àti ìtọ́jú ni wọ́n pè é. Ìdí rẹ̀ ni kókó tó ti ṣáájú: ẹni tí wọn kò mú lójú ogun, òfin kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti gba owó ìràpadà lórí rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ owó onjẹ sí ọrùn ẹni tí wọ́n jí gbé, bí ẹni pé àlejò tó pẹ́ jù nílé ni.

Wọ́n wá fi ìyàwó kún un. Joan Beaufort ni, ọmọ ìdílé ọba Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà pẹ̀lú Henry Kẹrin. Henry Beaufort, bíṣọ́ọ̀bù Winchester, tó wà lára àwọn alágbára nínú ìgbìmọ̀ ọba kékeré, jẹ́ àbúrò bàbá rẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 1424 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì St Mary Overie ní Southwark, níwájú odò Thames sí London. Ní Yúróòpù, ìdílé ìyàwó ló ń gbé owó fún ọkọ, ìdàkejì owó orí ìyàwó nílẹ̀ Yorùbá. Owó tí wọ́n gbé fún James ni 10,000 máàkì, wọn kò sì ka kọ́bọ̀ kan sí i lọ́wọ́. Wọ́n kàn yọ ọ́ kúrò nínú gbèsè rẹ̀ ni. Ìdílé Beaufort gbé ọmọ wọn dé ipò ayaba, owó tí kò tíì wọlé, tí kò sì dájú pé yóò wọlé, ni wọ́n fi ra ipò náà fún un. Láàárín gbogbo àwọn tó dúnàádúrà lọ́dún yẹn, àwọn ló jèrè jù.

Wọ́n tún fi àdéhùn ìdáwọ́ ogun dúró fún ọdún méje lé e, pé Skọ́tílándì kò ní rán ọmọ ogun kún ti Faransé. Ní oṣù Kẹrin James wọ ilẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 1424 wọ́n fi í jọba ní Scone, Murdoch ló sì mú un jókòó lórí ìtẹ́ gẹ́gẹ́ bí àṣà ìdílé rẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní Stirling, James bẹ́ orí Murdoch, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, àti àna rẹ̀, ìjòyè Lennox.

Àwọn Ẹni Ìdógò

Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ kí James lọ, wọ́n gba àwọn ọmọ ìjòyè àti ìjòyè tó lé ní 20 ní Durham. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ iye tó ń wọlé fún un lọ́dún sí, kí ẹni tó bá fẹ́ gba ipò ẹlòmíràn lè jẹ́ ẹni tí owó wọn jọ. Ó fẹ́ jọ ètò ìwọ̀fà, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ìwọ̀fà ni èlé gbèsè, ó sì ń lọ sùn sílé rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni ìdógò Durham kò ṣiṣẹ́ kankan; ó jókòó sínú ilé olódi ni, ó ń retí kí ọba rẹ̀ san owó, owó oúnjẹ rẹ̀ pàápàá sì wà lọ́rùn àwọn ará ilé tirẹ̀.

Ọba kò san. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1424, ìgbìmọ̀ tó jókòó ní Perth fọwọ́ sí owó orí tuntun, ìdá kan nínú 20, lórí ilẹ̀ àti ohun ìní, nítorí gbèsè yìí. Owó wọlé lọ́dún àkọ́kọ́. Nígbà tó di ọdún kejì, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, owó náà sì gbẹ. Ohun tó dé ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lápapọ̀ kò ju nǹkan bí 9,500 máàkì lọ. James ń kọ́ ààfin ńlá sí Linlithgow, ó ń ra ìbọn àgbá láti ilẹ̀ Flanders. Ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀, àwọn ẹni ìdógò sì mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń fi àwọn kan rọ́pò àwọn mìíràn, àwọn kan sì ń kú síbẹ̀. Àwọn òpìtàn kan yin James pé ó fi ọgbọ́n tan àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ. Ìyìn náà kò mọ́ délẹ̀. Ohun tí Albany ṣe sí i gan-an ló ṣe sí àwọn wọ̀nyí: ó wo iye tí yóò ná an láti mú wọn padà, ó wo iye tí ó nílò wọn tó, ó sì fi wọ́n sílẹ̀.

Ó tún mọ bí a ti ń fi ìgbèkùn yanjú ọ̀tá. Ní 1427 ó gba oyè Strathearn lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Malise Graham, ó fún un ní oyè Menteith tó kéré sí i, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹni ìdógò lọ́dún yẹn kan náà. David, àkọ́bí Walter ìjòyè Atholl, ti wà níbẹ̀ láti 1424. Walter jẹ́ àbúrò bàbá ọba, ó sì ti ran ọba lọ́wọ́ láti rẹ́yìn ìdílé Albany. David kú sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1434.

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, James yí padà sí Faransé. Ó rán ọmọbìnrin rẹ̀ Margaret lọ fẹ́ Louis, àrẹ̀mọ Faransé, ní ìlú Tours. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ọjọ́ orí kan náà tí bàbá rẹ̀ wà nígbà tó wọ ti Danzig. Ọkọ̀ tirẹ̀ gúnlẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 1437, àwọn ọ̀tẹ̀ wọlé bá James nínú ilé àwọn àlùfáà ní Perth, wọ́n sì gún un pa. Joan ayaba fara gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n ó bọ́, òun ló sì darí bí wọ́n ṣe wá àwọn apànìyàn náà rí. Walter Atholl wà lára àwọn tí wọ́n pa nítorí ọ̀ràn náà, pẹ̀lú Robert, ọmọ David tó kú sí ìdógò, ẹni tó wà láàfin ọba tí ó sì ṣílẹ̀kùn fún wọn. Robert Graham ló ṣáájú àwọn tó wọlé. Malise Graham jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Malise kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà. Ọdún 1453 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀, lẹ́yìn ọdún 26, ìyẹn fi ọdún mẹ́jọ ju èyí tí ọba tó fi í dógò lò nígbèkùn.